Iyán Loúnjẹ, Ọkà Loògùn: Kí Ni Ọkàn Wí Sí I?

Awakọ̀ tírélà kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ẹ̀bá títì tó gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá lọ sí Pàràkú. Ó wo iyán nínú kúlà, ó wo àmàlà nínú abọ́, ó mí kanlẹ̀. "Ìyá, wọ́n ní kí n jáwọ́ nínú iyán. Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru." Ìyá olóúnjẹ ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ọmọ mi, jẹ ọkà nígbà náà. Ṣé o ò mọ̀ pé ọkà loògùn?" Ó bu àmàlà mẹ́ta sínú abọ́ fún un, ó da ọbẹ̀ ẹ̀pà lé e lórí, ó fi wàgàsì díndín méjì, wàrà tí wọ́n mú dì, tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkùnrin náà jẹ ẹ́ tán, ó pọ́n ìka lá, ó ní kí wọ́n fi ọbẹ̀ díẹ̀ kún un. Nígbà tó dìde, tayọ̀tayọ̀ ló fi gun ọkọ̀ rẹ̀, bí ẹni tó ti lo oògùn òwúrọ̀.

Èmi náà wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn, iyán ni mo sì ń jẹ. Ìyá náà ti pín wa sọ́nà méjì láìmọ̀: ó fi awakọ̀ sí ọ̀dọ̀ oògùn, ó fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ló fi pín wa, èyí tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi bóyá ọ̀rọ̀ yìí ṣe é gbé dé iwájú dókítà. Ṣé ọkàn tó ń lù nínú àyà mọ ìyàtọ̀ láàárín iyán àti àmàlà? Àbí èdè wa ló ń tàn wá? Ọkàn la ń pe ẹran tó ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara, ọkàn náà la ń pe ibi tí ayọ̀ òun ìbànújẹ́ ń gbé. Ó rọrùn kéèyàn rò pé ohun tó bá fi èyí balẹ̀ kò lè ṣe ìyẹn ní jàǹbá.

Mo fẹ́ gbé àwọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, kí n sì jẹ́ kó tẹ̀ síbi tó bá wù ú.

Ṣábẹ̀ẹ́ dára fún irú iṣẹ́ yìí. Savè ni ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń kọ ọ́, ó sì wà ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Collines, èyí tó túmọ̀ sí òkè ní èdè Faransé. Ẹni tó bá ti rí àwọn òkè olókùúta tó yí ìlú náà ká kò ní béèrè ìdí orúkọ yẹn. Ilẹ̀ iṣu ni. Nàìjíríà, Gánà, Kódífúà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ló ń gbin èyí tó pọ̀ jù nínú iṣu tí gbogbo ayé ń jẹ, àárín ilẹ̀ náà gan-an la sì wà. Níbí, kò sí èyí tó jẹ́ àlejò nínú iyán àti àmàlà. Mo ti dé ìlú tí wọ́n ti ń wo àmàlà bí oúnjẹ ẹni tí kò lówó iyán, mo sì ti dé ibi tí wọ́n ti ń fi iyán ṣe yẹ̀yẹ́ pé oúnjẹ ará oko ni. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìyá kan náà lè ta méjèèjì lábẹ́ ibòòji kan náà, kí ojú má tì í nítorí ọ̀kankan.

Iṣu tí iyán ń fẹ́ jẹ́ iṣu onígbèéraga. Láàbókò ni wọ́n ń yìn jù. Ó ń tètè ta, ara rẹ̀ funfun, ó sì ń fà bí wọ́n bá gún un. Tí oṣù kẹjọ bá wọlé, iṣu tuntun ti ń dé ọjà, ọ̀rọ̀ iyán ló sì kù lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ní Savalou tí kò jìnnà sí wa, ọjọ́ 15 oṣù náà ni wọ́n ń ṣe ọdún iṣu. Wọ́n bẹ iṣu láàárọ̀, wọ́n sè é, wọ́n gún un, wọ́n jẹ ẹ́, gbogbo rẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Iyán ò ní sùúrù. Ohun yòówù kí òwe sọ nípa iyán ogún ọdún tó ń jóni lọ́wọ́, iyán tó bá di ọ̀la ti di nǹkan mìíràn.

Iṣu tí àmàlà ń fẹ́ jẹ́ iṣu onísùúrù. Kòkórò ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù ní àríwá wa: ìdí kan máa ń so iṣu kéékèèké púpọ̀, kò sì sí ẹni tó ń fi ẹwà rẹ̀ yangàn. Wọ́n á bẹ ẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á rì í sínú omi gbígbóná tí kò tíì hó, á sun ibẹ̀ mọ́jú, wọ́n á wá kó o jáde sá. Oòrùn á pa á, ọyẹ́ á fẹ́ ẹ. Tó bá gbẹ tán, ó le bí igi, ohùn rẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ sì dà bí ohùn òkúta. Gbodo nìyẹn. Ó lè wà nínú àpò fún ọ̀pọ̀ oṣù bí kòkòrò kò bá dà á lu. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ẹ ni wọ́n ń gbé e lọ ẹ̀rọ, á di èlùbọ́, èyí tí àwọn ará Kútọnu ń pè ní télíbò. Iyán ń jẹ àkókò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àmàlà ń tọ́jú àkókò pamọ́ de oṣù tí àká bá ṣófo.

Èyí ló mú kí n fura sí ọ̀rọ̀ "oògùn" yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́. Bóyá kì í ṣe oògùn àrùn ni àwọn àgbà ń sọ. Oògùn ebi ni, oúnjẹ tó ń gbani sílẹ̀ nígbà tí iṣu tútù bá tán. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi ìtumọ̀ yẹn sá fún ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣu fúnra rẹ̀ kó tó di iyán tàbí àmàlà. Nínú 100 gíráàmù iṣu tútù, omi ló pọ̀ jù. Sítáàṣì àti àwọn ẹbí rẹ̀ jẹ́ bíi gíráàmù 28, fáíbà tó tó gíráàmù 4 sì wà nínú iye yẹn. Ọ̀rá rẹ̀ kò tó nǹkan. Sodium inú rẹ̀ kò pé mílígíráàmù 10, potassium rẹ̀ sì lé ní 800, èyí tó ju ìlọ́po méjì ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru yẹ kó tún gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kà. Sodium ló ń fa omi sínú ẹ̀jẹ̀ tó sì ń gbé ìfúnpá sókè; potassium ló ń bá kíndìnrín lé sodium jáde, tó sì ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ ju mílígíráàmù 2,000 sodium lọ lójúmọ́, ìyẹn iyọ̀ gíráàmù 5, bí ẹ̀kún ṣíbí tíì kan. Potassium ní tirẹ̀, wọ́n ní kó tó 3,510 ó kéré tán. Bí iṣu ṣe jáde láti inú ebè, ẹ̀gbẹ́ ọkàn ló wà. (Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ potassium yìí lọ́wọ́ mi, ti irú wọn yàtọ̀.)

Ohun tí à ń ṣe fún iṣu lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Potassium ń yọ́ sínú omi. Nígbà tí wọ́n bá ń se iṣu iyán, díẹ̀ á bá omi lọ. Nígbà tí wọ́n bá rẹ iṣu gbodo mọ́jú, díẹ̀ á bá omi lọ pẹ̀lú, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n sì ń da omi náà nù. Títí débí, ọ̀kan ò ju ọ̀kan. Àmọ́ ẹ wo obìnrin tó ń gún iyán. Abọ́ omi kékeré kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó rẹ̀, omi tó fi se iṣu náà gan-an ni, ó ń fi ọwọ́ òsì bù ú wọ́n iyán bí ọmọ odó ṣe ń lọ sókè, ó sì ń yọ ọwọ́ kí ọmọ odó tó bọ̀. Kò gbọ́ nípa potassium rí. Kí iyán lè fẹ́lẹ́ ló ṣe ń ṣe é. Síbẹ̀, lára ohun tó bá omi jáde ló ń dá padà sínú odó. Mo fún iyán ní máàkì kan níbí, máàkì tó tín-ín-rín.

Ọ̀rọ̀ ṣúgà nípọn ju ìyẹn lọ. Ní 1981, David Jenkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto gbé ọ̀nà kan jáde láti fi wọn bí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ṣe ń yára sọ ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní 2021, ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní PURE, èyí tó tẹ̀lé èèyàn tó ju 130,000 lọ ní kọ́ńtínẹ́ǹtì márùn-ún, fi hàn pé àwọn tí oúnjẹ wọn ń yára di ṣúgà jù ló ń ní àrùn ọkàn àti ikú àìtọ́jọ́ ju àwọn yòókù. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á fẹ́ mọ ibi tí iyán àti àmàlà dúró sí.

Iyán kọ́kọ́ dà bí ọ̀daràn. Iṣu tí wọ́n sè tí wọ́n sì fi eyín jẹ ṣì ní ara. Inú ikùn ni iṣẹ́ títú rẹ̀ kù sí. Tí wọ́n bá gún un, odó ti bá ikùn ṣe ìdajì iṣẹ́. Àmàlà kọ́kọ́ dà bí aláìmọwọ́mẹsẹ̀, nítorí pé ó dúdú, a sì ti kọ́ wa pé oúnjẹ tí kò funfun ló dáa. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ṣe fún àmàlà? Ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ kúnná, omi híhó sì sọ ìyẹ̀fun náà di ohun tó jinná dé orí eyọ kan. Odó fọ́ ti iyán lẹ́yìn tó jinná. Ẹ̀rọ fọ́ ti àmàlà kó tó jinná. Ọ̀nà méjì, ọjà kan náà. Àwọn méjèèjì ló dé ọ̀nà ọ̀fun láìsí ohun tí eyín fẹ́ ṣe, òkèlè sì ni wọ́n, gbígbé là ń gbé wọn mì. Ní ti pé kí oúnjẹ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, mi ò rí èyí tó lè bú èkejì.

Níbi tí ìyàtọ̀ wà, kò sí nínú ohun tí a rò. Ìwọ̀n ni. Iyán ń tàn èèyàn. Ó funfun, ó rí fùkẹ̀fùkẹ̀, ọwọ́ olóúnjẹ sì máa ń gbòòrò lọ́jọ́ iyán. Òkìtì kan lè gba iṣu tó yẹ kó bọ́ èèyàn méjì. Àmàlà ń tàn èèyàn lọ́nà mìíràn: omi pọ̀ nínú rẹ̀, ó rọ̀, ó ń yọ̀ lọ, o lè jẹ mẹ́rin kó o tó mọ̀ pé o ti jẹ méjì. Àwọn awakọ̀ máa ń sọ pé àmàlà ò wúwo. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí kò wúwo ni èèyàn ń gbé púpọ̀.

Àwọ̀ dúdú yẹn ńkọ́? Ẹ bẹ iṣu kan, ẹ gé e, ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí gbodo fún ọjọ́ púpọ̀, òun ló sì ń fara hàn nínú ìkòkò nígbà tí omi gbígbóná bá kan èlùbọ́. Àwọn èròjà inú iṣu tí afẹ́fẹ́ ń sọ dúdú náà wà nínú tíì àti nínú awọ èso, àwọn onímọ̀ sì ń yìn wọ́n níbẹ̀ pé wọ́n ń dáàbò bo iṣan ẹ̀jẹ̀. Èyí lè mú kéèyàn fò fáyọ̀ fún àmàlà. Àmọ́ kí wọ́n wà nínú iṣu kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí wọ́n ṣiṣẹ́ nínú ara lẹ́yìn tí wọ́n ti dúdú. Iyán náà ní èròjà kan náà. Kí wọ́n tó ráyè dúdú ni iná ti pa ohun tó ń mú wọn pọ́n. Àwọ̀ àmàlà ń sọ ìtàn bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀. Kò sọ ìtàn ọkàn.

Ẹ̀yin tó ń kà á yóò ti rí i pé mo ń yí po ìkòkò kan tí n kò tíì ṣí. Kò sí ẹni tó ń jẹ òkèlè lásán. Ọbẹ̀ ni ilé ẹjọ́ gidi.

Lọ́dọ̀ wa, ọbẹ̀ ẹ̀pà ni ìyàwó iyán. Wọ́n á yan ẹ̀pà, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná títí á fi máa yọ òróró, wọ́n á sè é pẹ̀lú tòmátì, ata àti àlùbọ́sà títí òróró á fi léfòó. Ẹ̀pà ní ọ̀rá púpọ̀, bí ìdajì ara rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n irú ọ̀rá tó máa ń dì, èyí tó ń gbé kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù burúkú sókè, kò ju bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lọ. Ní 2015, àwọn olùwádìí kan gbé àbọ̀ jáde lórí èèyàn tó ju 200,000 lọ: àwọn aláwọ̀ dúdú àti funfun tí owó wọn ò pọ̀ ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àti àwọn ará Shanghai ní Ṣáínà. Àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà àti irú rẹ̀ jù ni ikú kì í tètè pa, ikú àrùn ọkàn pàápàá. Mo fẹ́ràn ìwádìí yìí nítorí pé kì í ṣe èso olówó iyebíye ni èyí tó pọ̀ jù lára àwọn èèyàn yẹn ń jẹ. Ẹ̀pà wa yìí náà ni. Ẹ̀rí pé ẹ̀pà ló gbà wọ́n kọ́, nítorí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà lè máa ṣe ohun rere mìíràn tí ìwé ò rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó yẹ ká tẹ́tí sí ni.

Ọbẹ̀ ẹ̀pà kì í dá wá, ṣá o. Wàgàsì ń bá a rìn. Àwọn obìnrin Fúlàní ló ń ṣe é: wọ́n ń fi omi ara bọmubọmu mú wàrà dì, wọ́n á sì fi pòpórò bàbà pa á láró pupa kó lè pẹ́. Amúaradàgbà gidi ló wà níbẹ̀. Ọ̀rá wàrà tó ń dì náà wà níbẹ̀, wọ́n sì tún ń dín in nínú òróró kó tó wọnú ọbẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ̀pà là sílẹ̀, wàgàsì ń fi ẹsẹ̀ kan dí i.

Àmàlà ní tirẹ̀ fẹ́ ewédú tàbí ilá. Níhìn-ín, ó yẹ ká dá àwọn àgbà láre díẹ̀. Yíyọ̀ tí ewédú ń yọ̀, tí ilá ń fà bí okùn láti inú abọ́ dé ẹnu, fáíbà ni, ẹbí èyí tí àwọn dókítà ń yìn nínú òòtì. Ó ń mú kí oúnjẹ falẹ̀ nínú ìfun, ṣúgà á máa wọnú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì fa díẹ̀ nínú kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù dání lọ síta. A sì lè se é láìfi ẹ̀kán epo kan sí i. Tí oògùn bá wà nínú ọkà, inú abọ́ ewédú ni mo ti rí i, kì í ṣe nínú òkèlè.

Kí ewédú má gbéra ga jù, ọbẹ̀ ata tí wọ́n ń bù lé e lórí sábà máa ń léfòó nínú epo pupa. Ìdajì ọ̀rá epo pupa ló jẹ́ irú èyí tó ń dì. Ó ní èròjà tó ń fún un ní àwọ̀, tó dára fún ojú, òótọ́ ni. Ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ sọ pé májèlé ni. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé ṣíbí epo kan sí ẹ̀gbẹ́ ṣíbí òróró ẹ̀pà kan, epo pupa ló jù ú lọ ní ẹ̀gbẹ́ tí ọkàn kò fẹ́. Àbájáde rẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín: iyán ní ọbẹ̀ tó dáa pẹ̀lú ọ̀rẹ́ tí kò dáa tó, àmàlà ní ewé tó dáa pẹ̀lú ọ̀rẹ́ tí kò dáa tó. Wọ́n fẹ́ ìyàwó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àna wọn sì jọra.

Ohun tó pa wọ́n pọ̀ jù lọ, tí n kò ronú kàn títí mo fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, ni èyí: kò sí ẹni tó ń fi iyọ̀ sí iyán, kò sì sí ẹni tó ń fi iyọ̀ ro àmàlà. Ẹ rò ó wò. Búrẹ́dì tí à ń pè ní oúnjẹ fúyẹ́, tí awakọ̀ ń jẹ láàárọ̀, iyọ̀ ti wà nínú rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Indomie, iyọ̀ wà nínú àpò kékeré tó bá a wá. Ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù nínú abọ́ wa, òkè funfun tàbí òkè dúdú yẹn, bí ó ṣe jáde nínú ilẹ̀ ló ṣe wà, láìsí iyọ̀. Ẹni tó se ọbẹ̀ nìkan ló ni gbogbo àṣẹ lórí iyọ̀ inú oúnjẹ náà. Ó jẹ́ àǹfààní tí ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì kò ní.

Kí la ń fi àṣẹ yẹn ṣe? À ń fi kúbù amọ́bẹ̀dùn sí i. Kúbù kan kì í ṣe ẹran, kì í ṣe ẹja, iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ka mẹ́fà tí ìyá olóúnjẹ wa tú sínú ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀pà, ó tún bu iyọ̀ lé e, ó tún fi ẹja gbígbẹ oníyọ̀ sí i. Ìkòkò náà tóbi, n kò parọ́. Àmọ́ ọbẹ̀ yẹn kan náà ló bù sórí iyán mi àti sórí àmàlà awakọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Oúnjẹ àti oògùn gba ìkòkò kan.

Ẹnì kan á ní: àwọn bàbá wa jẹ méjèèjì, wọn ò sì mọ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìdí, kò kàn ní ìdí tó pọ̀ tó. Ní 1997, Richard Cooper àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ ìwádìí kan tó fi àwọn èèyàn tí ìran wọn ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wá wé ara wọn. Àwọn ará Nàìjíríà tó wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti mú wọn. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, 16 ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Ní erékùṣù Caribbean, 26. Ní Amẹ́ríkà, 33. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, ilẹ̀ ni ó yàtọ̀: bí ara ṣe tóbi, bí iyọ̀ ṣe pọ̀, bí ẹsẹ̀ ṣe ń rìn sí. Àmọ́ 16 yẹn kì í ṣe òdo, ọdún 1997 sì ti jìnnà. Láti 2015 ni àwọn olùwádìí láti Pàràkú àti láti Limoges ní Faransé ti ń tẹ̀lé ọkàn àwọn ará Tanvè, abúlé kan lẹ́bàá Abomey. Wọn kì bá tí lọ síbẹ̀ bó bá jẹ́ pé àrùn ọkàn ti ìgboro nìkan ni.

Bàbá tó jẹ iyán nígbà yẹn ti kọ ebè láti òwúrọ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ àmàlà ti ru gbodo, ó ti ro ọkà dídì nínú ìkòkò tí orógùn fi ń gún apá. Iṣẹ́ wà nínú iyán, iṣẹ́ wà nínú àmàlà; àwọn méjèèjì ń gba owó lọ́wọ́ ara kí wọ́n tó sanwó fún un. Nísinsìnyí, àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń gún iyán ní ẹ̀bá títì ló ń làágùn, awakọ̀ tó ti jókòó láti Kútọnu ló sì ń jẹ ẹ́. Ọkàn ẹni tó ń gún un ni iyán ń ṣe láǹfààní jù.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìfọ̀kànbalẹ̀, èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ìrònú ní Yunifásítì Minnesota mú àwọn èèyàn wo fíìmù tó bà wọ́n lọ́kàn jẹ́, wọ́n wá fún àwọn kan ní oúnjẹ tí wọ́n sọ pé ó máa ń tù wọ́n nínú, wọ́n fún àwọn kan ní oúnjẹ mìíràn, wọn ò fún àwọn kan ní nǹkan kan. Gbogbo wọn ló padà bọ̀ sípò lọ́gbọọgba. Oúnjẹ tó ń tuni nínú kò tuni nínú ju jíjókòó lásán lọ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n yàrá ni wọ́n kó wọn sí. Kò sí ìró odó níbẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó ń pè ọ́ pé "wá wẹ ọwọ́". Iyán ń ké sí àdúgbò kó tó dé inú abọ́, kò ṣe é gún níkọ̀kọ̀. Àmàlà ń dákẹ́, òórùn rẹ̀ ló ń ké sí wọn. Mi ò mọ bí wọn yóò ṣe wọn ìyẹn ní Minnesota.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún un pé kó má jẹ iyán mọ́ títí ayé, kó máa jẹ àmàlà. Ó gbọ́ràn. Fún oṣù mẹ́ta ló fi jẹ àmàlà pẹ̀lú ọbẹ̀ tó ti ń sè láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kúbù mẹ́rin, ẹja gbígbẹ, iyọ̀ lé e. Ẹ̀jẹ̀ ò sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ sì fà ro. Nígbà tó padà lọ, ẹlòmíràn ló bá níbẹ̀, ìyẹn ò sì béèrè òkèlè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣàlàyé bí ẹ ṣe ń se ọbẹ̀ fún mi." Láti ọjọ́ yẹn, ó padà sí iyán lọ́jọ́ Ìsinmi, òkìtì kan tó kéré ju ti tẹ́lẹ̀, ó ń jẹ ọkà lọ́jọ́ yòókù, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Kúbù ti kúrò nínú ìkòkò. Irú àti ẹ̀fọ́ ló fi dípò rẹ̀. Mi ò ní fi obìnrin kan ṣoṣo ṣe ẹ̀rí. Oògùn náà wà níbẹ̀.

Mo wà nílé wọn lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ yẹn. Ọkọ rẹ̀ fi òkèlè tọ ọbẹ̀, ó gbé e mì, ó dúró. "Ìyá, ọbẹ̀ yìí ò níyọ̀."

"Ata wà níbẹ̀ yẹn, Bàbá," ó wí, ó sì ti abọ́ ata sún mọ́ ọn.

Bàbá bu ata. Ó jẹ gbogbo rẹ̀.